Ìlẹ̀kùn Tí A Tà: Ọ̀rọ̀ Lórí Àbẹ̀wò sí Àwọn Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ẹ̀ka Ìkẹjà àti Agége nínú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa

  

Iṣẹ́ ni ìpàdé rán wa, iṣẹ́ náà ni a sì wá jẹ́. Ẹ ó rántí pé ní èṣín, nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ lórí gbọ̀ngàn ìlú tí ẹgbẹ́ yìí ń kọ́ sí ilé, ọ̀rọ̀ kan dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa. Àwọn kan ní kí a ya yàrá kan sọ́tọ̀ nínú gbọ̀ngàn náà fún àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú wa. Àwọn mìíràn ní owó tí a ó ná sórí yàrá bẹ́ẹ̀, ó sàn kí a fi rán ọmọ tálákà lọ sí ilé-ìwé. Àwọn kan tún wà, nínú onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí wa, tí wọ́n ń bẹ̀rù pé òrìṣà tí àwọn baba wọn ti kọ̀ sílẹ̀ ni a fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé mú wọlé padà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kò lójú, ìpàdé ní kí àwa kan lọ wo irú ilé bẹ́ẹ̀ tí ó wà nítòsí wa ní Èkó, kí a kó àwọn ọ̀dọ́ dání, kí a sì wá sọ ohun tí a rí. A lọ. Sátidé mẹ́ta ni a fi ṣe é, nítorí iṣẹ́ òwúrọ̀ àti iṣẹ́ alẹ́ kì í jẹ́ kí gbogbo wa ráyè lẹ́ẹ̀kan náà.

Oníkàn

Ilé tí a kọ́kọ́ lọ ni Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ti Orílẹ̀-èdè ní Oníkàn, ní Erékùṣù Èkó, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957. Òyìnbó kan, Kenneth Murray, ni ó ṣe akitiyan rẹ̀ jù. Ọdún 1927 ni ó wá sí ilẹ̀ wa gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ iṣẹ́ ọnà. Ní ọdún 1943 ìjọba fi í ṣe alábòójútó àwọn ohun àtijọ́, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1972. Ohun tí ó ń dun ọkùnrin yìí ni pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa ń bọ́ sí ọwọ́ àwọn oníṣòwò, ikán ń jẹ òmíràn, òjò ń pa òmíràn, àwa tí a ni wọ́n kò sì kà wọ́n sí.

Ẹ má ṣe rò pé Èkó ni ó kọ́kọ́ ní irú ilé yìí. Èsìẹ́, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ni ó ṣáájú gbogbo Nàìjíríà. Ọdún 1945 ni tirẹ̀, nítorí àwọn ère òkúta tí ó wà níbẹ̀, tí iye wọn lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ilé-Ifẹ̀ ní tirẹ̀ ní ọdún 1954. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ pé ìlú bí tiwa kéré jù fún irú nǹkan báyìí, kí ó rántí Èsìẹ́.

A rí ohun púpọ̀ ní Oníkàn, ṣùgbọ́n ohun tí ó pa àwọn ọ̀dọ́ wa lẹ́nu mọ́ jù lọ kì í ṣe ère. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni. Ọkọ̀ Mercedes-Benz tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n yìnbọn pa á ní ọjọ́ 13, oṣù Kejì, ọdún 1976 wà níbẹ̀, ihò ọta ìbọn sì wà lára rẹ̀ sí i. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún ara ọkọ̀ ṣe ní Agége, wò ó títí, ó ní, “Bí wọ́n bá gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, ọjọ́ méjì ni a ó fi dí gbogbo ihò wọ̀nyí, tí a ó sì kùn ún, tí kò ní sí ẹni tí yóò mọ̀.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ní, “A ó sì ti ba nǹkan jẹ́ nìyẹn.” Ẹ̀yin ènìyàn wa, ọmọ yẹn ti sọ ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí a wá sọ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn orí idẹ Ifẹ̀, nítorí ó kan ọ̀rọ̀ wa. Ní ọdún 1938, àwọn tí ń gbẹ́ ilẹ̀ láti kọ́lé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, kan àwọn orí idẹ tí ó dàbí ènìyàn alààyè nínú ilẹ̀. Kí ojú tó là, díẹ̀ ti bọ́ sí ọwọ́ àjèjì nínú wọn. Ọ̀kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní London títí di òní. Méjì tí ó ti dé Amẹ́ríkà padà wálé ní ọdún 1950. Ti Ìbíní burú ju èyí lọ, nítorí ogun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi kó tiwọn ní ọdún 1897. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni orílẹ̀-èdè Netherlands dá 119 padà nínú wọn, Oníkàn yìí gan-an ni wọ́n sì ti fà wọ́n lé Nàìjíríà lọ́wọ́. Ẹ ka iye ọdún náà: ọdún 128 ni àwọn nǹkan wọ̀nyẹn fi wà ní ìdálẹ̀ kí wọ́n tó rí ọ̀nà ilé. Ohun tí ó bá ti jáde kì í tètè padà.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni ilé tuntun tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ fún àṣà àti ìtàn Yorùbá wà, tí wọ́n fi orúkọ Dókítà John Randle pè, tí Ààrẹ Buhari sì ṣí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Agége, tí wọn kò lè ka ìwé Yorùbá dáadáa, dúró níbẹ̀ wọ́n ń ṣẹ́jú. A kò bá wọn wí. Àwa òbí wọn ni ó yẹ kí a bá wí.

Ohun tí ojú wa rí

Ní Oníkàn kan náà ni ojú ti tì wá, a kò sì ní fi í pamọ́ fún yín. A dúró níwájú igi gbígbẹ́, irú èyí tí àwọn baba wa fi ń ṣe ìlẹ̀kùn àti òpó ilé. A wo ara wa. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀, nítorí ohun kan náà ni gbogbo wa ń rò.

Ìlẹ̀kùn kan wà ní agbo ilé tiwa rí. Ẹlẹ́ṣin wà lára rẹ̀, ìyá ọlọ́mọ wà, ọkùnrin kan sì wà tí ó ń fọn fèrè. Baba ńlá wa ni ó gbé iṣẹ́ náà fún agbẹ́gilére. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, oníṣòwò kan dé ilé, ó rí i, ó ní òun yóò rà á. Àwọn ará ilé pè wá lórí fóònù. Ẹnu iṣẹ́ ni a wà ní Ìkẹjà níhìn-ín, ẹ̀rọ ń ké, a kò tilẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí a bi wọ́n ni pé, èló ni ó fẹ́ san? Owó náà tó ra ìdì páànù méjì. Orílé sì ń jò. A ní kí wọ́n tà á.

Ìlẹ̀kùn irin ni ó wà níbẹ̀ lónìí, irú èyí tí wọ́n ń jó tà káàkiri Agége. Kò burú, ó ń tì, ó sì ń ṣí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ti Oníkàn dé, a pe ilé láti béèrè pé ta ni agbẹ́gilére náà, kí sì ni ìtàn afunfèrè yẹn. Wọ́n ní ìyá àgbà tí ó mọ̀ ọ́n ti kú. A béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ya àwòrán rẹ̀. Kò sí. Owó náà ti tán, páànù ọ̀hún ti ń dípẹtà, ìlẹ̀kùn náà kò sì sí ní ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè tọ́ka sí. Kò sí olè tí ó jà wá. Ẹnu wa ni a fi tà á.

Òfin wà o. Láti ọdún 1953 ni òfin ti wà tí ó de kíkó irú nǹkan wọ̀nyí kúrò ní Nàìjíríà láìgba àṣẹ, òfin ọdún 1979 sì tún fi kún un pé kì í ṣe ẹni tí ó bá wù ú ni ó lè máa rà wọ́n kiri. Ṣùgbọ́n òfin kò lè wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà agbo ilé wa láti ṣọ́ ọ. Àwa tí ó wà nílé, àti àwa tí wọ́n ń pè lórí fóònù, ni aṣọ́nà.

Ilé kan ní Ìkẹjà

Sátidé kejì, a kò jìnnà. Ilé Fẹlá Aníkúlápò-Kútì ni a lọ, ní òpópónà Gbẹ́misọ́lá ní Ìkẹjà, èyí tí wọ́n sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012. A kò ní parọ́ pé gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn sí èyí. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa fi ìbínú sọ pé, “Kí ni ẹ fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀?” Ọ̀rọ̀ àgbà ni, a kò sì fi ṣeré.

Ohun tí a rí níbẹ̀ nìyí. Ibojì rẹ̀ wà ní iwájú ilé, níbi tí wọ́n sin ín sí ní ọdún 1997. Lókè, yàrá rẹ̀ wà bí ó ti fi í sílẹ̀. Bàtà rẹ̀ wà ní títò, aṣọ rẹ̀ wà, fèrè rẹ̀ wà. Kò sí wúrà níbẹ̀, kò sí idẹ. Ohun tí gbogbo wa ń dà sí ààtàn bí ẹni wa bá kú ni ẹbí rẹ̀ kò dà nù, òun náà ni àwọn ènìyàn sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò.

A sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé ilé yìí kọ́ ni Kalakuta àkọ́kọ́. Ti àkọ́kọ́ wà ní Ìdí-Òrò, lójú títì Agége tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ọmọ ogun dáná sun ún ní ọjọ́ 18, oṣù Kejì, ọdún 1977, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀, Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé. Ìyá náà, tí ó ti ṣíwájú àwọn obìnrin Abẹ́òkúta nínú ìjà owó orí, kú ní ọdún 1978. Ó ṣeé ṣe kí ènìyàn má fara mọ́ ìwà Fẹlá, kí ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyá yìí kò gbọdọ̀ parẹ́. Nígbà tí a ròyìn èyí fún àgbà wa tí ó bínú, ó ní òun náà rántí èéfín ọjọ́ náà, nítorí òun ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu bàbá rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti bí i.

Ọkọ̀ ojú irin àti búrẹ́dì Agége

Sátidé kẹta, a lọ sí Jaekel House nínú ọgbà Rélùwéè ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta, ilé kan tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1898, tí àwọn olùfẹ́ ìtàn kan tún ṣe ní ọdún 2010 tí wọ́n sì kó àwòrán àtijọ́ sí. Kí ni ó kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá púpọ̀. Ojú irin tí ó ti Èkó gba Agége kọjá lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1901, ni ó sọ ilẹ̀ Àwórì yìí di ibi tí ayé ń rọ́ wá. Oko kòkó àti obì ni Agége ti lókìkí kí ó tó di ìlú òṣìṣẹ́. Jacob Kẹ́hìndé Coker ní oko ńlá ní Ifákò, òun àti àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀ ní ọdún 1907. Ọkọ̀ ojú irin ni ó ń gbé obì wọn lọ sí Òkè Ọya.

Rélùwéè yìí kan náà ni ó mú ọmọ Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1913 láti wá ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe búrẹ́dì ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta ní ọdún 1921. Òun ni ó mú ẹ̀rọ tí ń tẹ ìyẹ̀fun pípò wọ ilẹ̀ wa, èyí tí ó ń mú kí búrẹ́dì ki kí ó sì rọ̀. Àwọn ènìyàn ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Búrẹ́dì Agége tí gbogbo wa ń fi ẹ̀wà jẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́, ọ̀nà tí ọmọ erékùṣù òkèèrè yìí là ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Nínú gbogbo ibi tí a dé, a kò rí ọ̀kan nínú ẹ̀rọ náà tí wọ́n tọ́jú.

Èyí ni ó mú wa ro tiwa. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà, àwọn bàbá tí ó dá ẹ̀ka yìí sílẹ̀ wà nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbà síṣẹ́. Àwọn mìíràn ṣe táyà ní Dunlop láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ilé-iṣẹ́ yẹn dẹ́kun táyà ṣíṣe ní Ìkẹjà ní ọdún 2008. Àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ tí ó ń ké tọ̀sán-tòru ti dákẹ́. Owó oṣù àwọn bàbá wọ̀nyẹn ni a fi kọ́ ilé-ìwé ìlú wa. Káàdì iṣẹ́ wọn dà? Aṣọ iṣẹ́ wọn dà? Ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé wa àkọ́kọ́, tí wọ́n fi kálámù kọ, ta ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Àwa tí a ń dárò ìlẹ̀kùn baba ńlá, a tún ń jẹ́ kí ti bàbá tí ó bí wa gan-an máa lọ.

Àwọn tí wọ́n kó lọ

Nígbà tí a ti dárúkọ Jàmáíkà, ẹ jẹ́ kí a yà sí erékùṣù kan tí ó wà nítòsí rẹ̀, èyíinì ni Kúbà. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ń tú, tí ogun sì gba gbogbo ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wa ni wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀. Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọn kò gbé ìlẹ̀kùn kankan dání. Ìhòòhò ni ọ̀pọ̀ dé. Síbẹ̀ wọ́n tún bàtá gbẹ́ lọ́hùn-ún, títí di òní, ìyá ni wọ́n ń pe èyí tí ó tóbi jù nínú rẹ̀. Ní Havana, olú ìlú wọn, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà láti ọdún 1986 tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ohun ilẹ̀ Áfíríkà, ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá Kúbà náà sì ní ilé tí wọ́n to ère àwọn òrìṣà sí fún ìran ènìyàn. Àwọn tí wọ́n gba ohun gbogbo lọ́wọ́ wọn ni ó tọ́jú èyí tí ó kù. Àwa tí ẹnikẹ́ni kò já nǹkan gbà lọ́wọ́ wa, àwa ni a ń béèrè pé èló ni ẹ ó san.

Ohun tí a gbà níyànjú

Ẹ̀yin ará, a ti ro ọ̀rọ̀ náà, ìmọ̀ràn wa kò sì lọ́jú pọ̀.

Ìkíní, kí gbọ̀ngàn ìlú ní yàrá kan, kí ó ní ilẹ̀kùn tí ó tì dáadáa àti ìwé ńlá kan tí a ó máa kọ orúkọ ohun gbogbo sí. Ẹgbẹ́ kò ní ra ohunkóhun. Agbo ilé tí ó bá gbé nǹkan wá ni ó ni ín títí láé.

Ìkejì, ohun tí a ṣì ń bọ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kí ó wà ní ojúbọ rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí tí ó bá wọ yàrá yìí, ìtàn ni yóò wò. Kò sí ẹni tí yóò ní kí ó kúnlẹ̀.

Ìkẹta, kí a ya àwòrán ohun gbogbo kí a tó gbé e kúrò nílẹ̀, kí ẹ̀dà àwòrán náà wà nílé, kí ó wà níhìn-ín, kí ó sì wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wa ní òkè òkun. Àwọn olè wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ilé-Ifẹ̀ pàápàá láàárín ọdún 1993 sí 1994. Ohun tí kò ní àwòrán, bí olè bá gbé e, kò sí ohun tí a ó fi jà fún un.

Ìkẹrin, kí ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá lọ sílé ní ọdún tuntun fi fóònù rẹ̀ gba ohùn àgbà kan sílẹ̀, kí a tó tún pàdánù ìyá àgbà mìíràn.

Ìkarùn-ún, bí oníṣòwò bá dé agbo ilé ẹnikẹ́ni, kí a pe akọ̀wé ẹgbẹ́ kí a tó dáhùn. Bí ó bá jẹ́ pé orílé ni ó ń jò, ẹ jẹ́ kí a mọ̀. Kò yẹ kí ẹgbẹ́ tí ó ń kọ́ gbọ̀ngàn má lè ra ìdì páànù méjì fún ọmọ ẹgbẹ́.

Ní ti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ tálákà, kí a má ṣe yọ kọ́bọ̀ kan kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá rán lọ sí ilé-ìwé yóò padà dé lọ́jọ́ kan, yóò sì béèrè lọ́wọ́ wa pé ta ni afunfèrè náà. Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn tí a ó wò ni a ń bẹ yín pé kí ẹ má ṣe tà.

Àwa fúnra wa ni a ó kọ́kọ́ gbé nǹkan wá. Ìlẹ̀kùn wa ti lọ, ṣùgbọ́n a bá ihò àgbékọ́ rẹ̀ lára òpó ẹnu ọ̀nà, òpó náà sì ṣì wà. Bí ìpàdé bá fọwọ́ sí i lónìí, òun ni yóò jẹ́ ohun kìíní nínú ìwé ńlá náà, a ó sì kọ ọ́ sí i lábẹ́ orúkọ wa pé àwa ni a ta ìyókù.

Kí ìlú wa ó tòrò, kí ilé ó dùn, kí ọ̀nà wa ó là. Alága, ọ̀rọ̀ di tìpàdé.